ÌBÉÈRÈ MẸ́TA NÍPA ERÙPẸ̀: LÁTI ÀPÒMÙ DÉ MÁÀSÌ

Dòdò ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi mọ Ìkirè. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní tiwọn mọ Àpòmù, tí ó múlé ti Ìkirè, nítorí erùpẹ̀. Nínú ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí ilẹ̀ agbègbè wa, tí a tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, orúkọ Àpòmù ni wọ́n fi pe irú ilẹ̀ kan: ilẹ̀ oníyanrìn tí àgbàrá wọ́ wá láti òkè sí ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo gbà pé ìbéèrè mẹ́ta ni ẹni tí ó fẹ́ mọ erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ bi í. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Báwo ni àwọn ohun náà ṣe so pọ̀? Níbo ni ó dùbúlẹ̀ sí?

Ọkọ̀ Viking 1 balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì ní July 20, 1976. Ohun èlò inú rẹ̀ ta ìtànṣán X sí erùpẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sì fi ìtànṣán tirẹ̀ dáhùn, bí ènìyàn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Báyìí ni a ṣe rí sílíkọ́nì, irin àti imí-ọjọ́. Ìbéèrè kìíní nìkan ni ó dáhùn, nítorí kò lè sọ bóyá irin náà ti dípàtà tàbí ó ṣì wà nínú òkúta. Ó di ọdún 2012, ọdún 36 lẹ́yìn náà, kí CheMin inú ọkọ̀ Curiosity tó fi ìtànṣán X wo bí àwọn átọ̀mù ṣe tò, tí ó sì rí feldspar, èyí tí ẹbí rẹ̀ wà nínú òkúta líle ilẹ̀ wa.

Ìkẹta ńkọ́? Ojú kan ni Viking dúró sí. Curiosity ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ń rìn. Rírìn náà ni àwọn awọnlẹ̀ wa rìn láti orí òkè dé etí odò, tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò, tí wọ́n ń fi ìka ra erùpẹ̀. Àgbẹ̀ Àpòmù ti ń fi ọkọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe é ṣáájú wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́: bí ẹ bá gbé ohun èlò dé oko, ẹ kọ́kọ́ kí àgbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó mọ iye irin inú ilẹ̀, kòkó yóò sì máa kú lórí yanrìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.