Abọ́ àti Pẹpẹ: Àjọjẹ àti Ìsìn Ọlọ́wọ̀ nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Ìjọ ní Lomé

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò ní. Òwe yìí ni òdiwọ̀n wa nínú àpilẹ̀kọ yìí, tó dá lórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Kristẹni ní Lomé, olú-ìlú Tógò. Èrò wa ni pé ìdí abọ́ ni a ti ń mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ tí ẹgbẹ́ bù fún Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀ dénú. A ó yẹ ìlú náà wò, a ó wo ìtàn ìjọ, lẹ́yìn náà a ó jókòó ti oúnjẹ.

Ìlú àti àwọn obìnrin rẹ̀

Ní 1897 ni àwọn Jámánì sọ Lomé di olú-ìlú. Òwò ló kó Ewé, Mina, Haúsá àti Yorùbá jọ síbẹ̀. Àdúgbò kan nítòsí Ọjà Ńlá ń jẹ́ Anagokomé títí dòní, ìyẹn àdúgbò Ànàgó, orúkọ tí àwọn aládùúgbò wa ń pe Yorùbá. Ẹ̀gbẹ́ ọjà náà gan-an ni kàtídírà Àgùdà wà, èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1902. Ìyá aláṣọ lè gbọ́ agogo ìsìn láti ìsọ̀ rẹ̀.

Nina Sylvanus, nínú ìwé rẹ̀ Patterns in Circulation (2016), ṣe àlàyé bí òwò áńkárá ṣe sọ àwọn obìnrin kan di olówó ní Lomé. Nana Benz ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Bí irú olówó bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ń kiri píọ̀wọ́tà bá jọ jókòó nínú ẹgbẹ́ kan, ta ló kọ́kọ́ bu oúnjẹ, kí ló sì kù sí ìkòkò fún ẹni tó kẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ ìsìn nìyẹn.

Ohun tí ìtàn ìjọ fi hàn

Wàhálà yìí ti pẹ́. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 11, Pọ́ọ̀lù bá ìjọ wí nítorí pé ebi ń pa àwọn kan níbi tí àwọn mìíràn ti ń mu àmupara. Lójú rẹ̀, ẹni tó dójú ti aláìní nídìí oúnjẹ ti kẹ́gàn ìjọ Ọlọ́run. Ó wá rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Òwe tiwa náà kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jogún àsè ìfẹ́. John Wesley bá àwọn ará Moravia jẹ ẹ́ ní Georgia ní 1737, ó sì mú un wọ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Búrẹ́dì àti omi lásán ni wọ́n ń gbé kiri nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdúrà àti ìjẹ́rìí. Ẹni tí kò lówó kò ní ohun tí yóò tì í lójú níbẹ̀.

Ní ti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní September 29, 1947, ọ̀wọ̀ hàn lára àwọn olùjọsìn: aṣọ funfun, ẹsẹ̀ láìsí bàtà. Ṣùgbọ́n Deidre Crumbley, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọ Aládùúrà (2008), tọ́ka sí òfin tó ń dá obìnrin dúró kí ó má dé ibi pẹpẹ. Mercy Amba Oduyoye, tó ṣáájú ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Áfíríkà onímọ̀ ìsìn ní 1989, ti kìlọ̀ pé ìjọ a máa fi orúkọ ìfara-ẹni-rúbọ di ẹrù lé obìnrin lórí. Ó yẹ ká gbọ́ ìkìlọ̀ náà: ẹni tí pẹpẹ kò gbà, ìkòkò nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ìpín rẹ̀.

Ìdí abọ́

Ẹ jẹ́ ká wo abọ́ akoumé kan. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, tí wọ́n rò bí ẹni ro ọkà. Adémè, ìyẹn ewédú, ni ọbẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́, nítorí náà omi ìṣanwọ́ ló máa ń ṣáájú. Láàárín àwọn Yorùbá, obìnrin tó gbé omi náà á kúnlẹ̀ fún àgbà. Irú ìkúnlẹ̀ yìí kan náà ló ṣe níwájú Ọlọ́run nígbà ìsìn tó ṣáájú oúnjẹ.

Ọjọ́ orí ló ń pàṣẹ ìkúnlẹ̀ yìí, owó kò sí nínú rẹ̀. Ìyá olówó tí kò tíì dàgbà tó á gbé omi fún ìyá arúgbó tó ń kiri. Àìsàn Kọ́ríńtì ti rí oògùn níbẹ̀: àṣà tí a bá bọ̀ láti ilé ló ń tún ìsìn ṣe. Àmọ́ bí àgbà bá bu ẹran tán kí ìránṣẹ́ tó jókòó, àṣà kan náà ti di ìnilára.

Ìkádìí

Láti ìsọ̀ aláṣọ títí dé abọ́ akoumé, ohun kan náà ló jẹ yọ: ọ̀wọ̀ Ọlọ́run àti ọ̀wọ̀ ọmọnìkejì kò ṣe é yà. A rọ àwọn Ìyá Ìjọ pé kí wọ́n ka orí kí wọ́n tó ṣí ìkòkò, kí wọ́n fi ti ẹni tó wà lọ́jà sílẹ̀, kí àwọn tó sì se oúnjẹ jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mọ bí ìsìn rẹ̀ ti rí, kí ó wo ẹni tí abọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.