Rírí, Mímọ̀ àti Lílò: Ìtàn Irin Europium

Bí a bá ń pìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, a sábà máa ń ka ọjọ́ tí a rí nǹkan sí ọjọ́ tí a mọ̀ ọ́n. Ìtàn europium fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni rírí, ọ̀tọ̀ ni mímọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni lílò.

Ní ọdún 1901 ni Eugène Demarçay ya irin yìí sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Bí a bá tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí sí iyọ̀ rẹ̀ nínú omi, pupa tí yóò tàn kò tó nǹkan, nítorí irin náà kò mọ ìmọ́lẹ̀ gbà. Ní 1942, S. I. Weissman, ní Yunifásítì California ní Berkeley, yẹ àwọn àdìpọ̀ kan wò, nínú èyí tí a so irin náà mọ́ èròjà oníkábọ́ọ̀nù tí ó mọ ìmọ́lẹ̀ gbà dáadáa. Èròjà náà gba ìmọ́lẹ̀, ó fa agbára rẹ̀ lé irin lọ́wọ́, irin sì tàn, ó pọ́n fòò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n omi jẹ́ ọ̀tá: bí ó bá dì mọ́ irin náà, a sọ agbára yẹn di ooru. Ní 1979, Horrocks àti Sudnick wọn bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń pẹ́ tó nínú omi lásán àti nínú omi wúwo, D₂O, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jí agbára náà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni wọ́n fi ṣírò iye mólékù omi tí ó dì mọ́ irin.

Ní àárín 1980 sí 1989, Soini, Hemmilä àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Turku, ilẹ̀ Finland, sọ ìmọ̀ yìí di àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa tàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni tirẹ̀ ń kú; ti europium a máa pẹ́ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdá kan nínú 1,000,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà ẹ̀rọ a dúró kí ti ẹ̀jẹ̀ kú ná, kí ó tó wo ti irin. Báyìí ni a ṣe lè wọn họ́mónù tí ó kéré jọjọ láìlo áyódìnì onítànṣán olóró.

Bí agbára ti ń rìn nínú mólékù ni Weissman ń wá, kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó tó nǹkan bí 40 ọdún kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Ẹni tí ó bá ń béèrè èrè lọ́wọ́ olùwádìí kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí ó ro ti 40 ọdún yìí.