Òfin Ogun Àtijọ́ Lórí Òkun Òde Òní

Kíkó agbára jọ sójú kan, yíyọ sí ọ̀tá lójijì àti fífi èrò ẹni pamọ́ wà lára òfin ogun tó pẹ́ jù láyé. Lójú omi, ogun Trafalgar ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 1805, ọkọ̀ ogun ńlá 27 ni Nelson, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kó wá sójú ìjà. 33 ni ti Faransé àti Sípéènì. Ó fi ọ̀wọ́ méjì dá ìlà wọn láàárín, àwọn tó wà níwájú kò sì tètè rí ọ̀nà yí padà wá gba àwọn ẹ̀yìn sílẹ̀. Kò sí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó ṣòfò.

Ogun Midway ti 1942 ló fi hàn jù pé bàálù kò pa òfin wọ̀nyí rẹ́. Ọkọ̀ Japan pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Yamamoto, ọ̀gá wọn, fọ́n wọn ká orí agbami: ó rán àwọn kan lọ sí erékùṣù Aleutian níhà àríwá, òun fúnra rẹ̀ sì jìnnà sẹ́yìn débi pé kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Amẹ́ríkà ti tú èdè ìkọ̀kọ̀ tí Japan fi ń ránṣẹ́, nítorí náà Nimitz, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lórí Òkun Pàsífíìkì, rán ọkọ̀ mẹ́ta tí ń gbé bàálù ogun lọ lúgọ dè wọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, àwọn bàálù Japan tó yẹ kó máa ṣọ́ òkè wà nísàlẹ̀, wọ́n ń lé àwọn bàálù Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ dé, nígbà tí àwọn mìíràn já wálẹ̀ láti òkè pẹ̀lú bọ́ǹbù. Mẹ́ta nínú ọkọ̀ Japan tí ń gbé bàálù, Akagi, Kaga àti Soryu, ló bá a lọ, Hiryu sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn náà. Yorktown nìkan ni Amẹ́ríkà pàdánù nínú mẹ́ta tirẹ̀. Àwọn tó gbèrò láti yọ sí ọ̀tá lójijì ni ọ̀tá yọ sí.

Misáìlì ló wá da nǹkan rú. Nínú ogun Falklands ní 1982, misáìlì Exocet kan ṣoṣo láti inú bàálù Ajẹntínà ló ba ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì HMS Sheffield jẹ́ kọjá àtúnṣe, ènìyàn 20 sì kú. Ní oṣù kẹrin 2022, Ukraine, tí kò ní ọkọ̀ ogun ńlá kankan mọ́, yin misáìlì láti orí ilẹ̀, ó sì mú kí Moskva, olórí ọkọ̀ Rọ́ṣíà lórí Òkun Dúdú, rì.

Ohun tí èyí sọ di aláìwúlò ni kíkó ọkọ̀ jọ, kì í ṣe kíkó agbára jọ, nítorí àwọn tó fọ́n káàkiri lè yin ohun ìjà sójú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí ni misáìlì àti dírónù ń wá. Kí 2023 tó parí, Rọ́ṣíà ti kó púpọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní èbúté Sevastopol ní Crimea lọ sí Novorossiysk tó jìnnà sí ojú ìjà, àwọn ọkọ̀ tí ń kó ọkà sì tún ń gbéra láti Odesa ní Ukraine láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Rọ́ṣíà.