Ajá Tí Fèrè Ọdẹ Rẹ̀ Dákẹ́

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tẹ́lẹ̀, ajá ni mo máa ń dá lẹ́bi nínú òwe yìí. Ìtàn ajá ọdẹ ìkookò ti ilẹ̀ Írẹ́lándì ló yí mi lérò padà.

Ajá gìrìwò ni. Akọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 79 ní èjìká, ó kéré tán. Irun rẹ̀ le, ó rí wúruwùru, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn fún eré. Lọ́dọ̀ wa, èébú ni kí a pe ènìyàn ní ajá. Lọ́dọ̀ wọn, oyè iyì ni. Akọni inú ìtàn àtijọ́ wọn, Cú Chulainn, pa ajá alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Culann, ó sì gbà láti ṣọ́ ilé fún un títí ajá mìíràn yóò fi dàgbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní "Ajá Culann".

Ìkookò pọ̀ ní Írẹ́lándì nígbà náà, ó ń pa ẹran ọ̀sìn jẹ. Ní 1652, ìjọba Cromwell fòfin de kíkó àwọn ajá yìí jáde kúrò nílùú. Wọ́n gé igbó, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó bá pa ìkookò. Èyí tí a sábà máa ń pè ní ìkookò ìkẹyìn kú ní 1786. Bí ajá ṣe parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì kù díẹ̀ kí òun náà parun. Kò di etí sí fèrè. Fèrè ni kò dún mọ́.

Ní nǹkan bí 1862, Captain George Augustus Graham bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwọ̀nba tó kù jọ. Ó fi ajá ọdẹ àgbọ̀nrín ti Skọ́tlándì, ajá ńlá ti Jámánì àti ajá eléré ti Rọ́ṣíà kún un. Ní 1885, a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ajá náà.

Àwọn kan ní ajá tuntun ni Graham ṣe. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ ló ń dá ẹ̀mí sí: láti 1902 ni ajá yìí ti ń ṣíwájú àwọn ọmọ ogun Irish Guards níbi ayẹyẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, Yorùbá náà ń fẹ́ iṣẹ́ ṣe lẹ́nu wa. Ẹ má jẹ́ kí fèrè dákẹ́.