Ìrántí Bàbá Onípáàtì Katakata

Ọ̀rọ̀ wa ti òní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti irúgbìn. Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara katakata ní agbègbè Ọ̀yọ́ ni a fẹ́ rántí. Bàbá Onípáàtì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti re ibi àgbà ń rè.

Ní ọdún 1959 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ìletò àgbẹ̀, ti Ìlọrá sì wà lára wọn. Ibẹ̀ ni Bàbá ti kọ́kọ́ di sípánà mú nígbà èwe wọn, nídìí Massey Ferguson. Nígbà tó yá, Steyr tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Bauchi dé. Ètò Operation Feed the Nation dé ní 1976, Green Revolution tẹ̀ lé e ní 1980. Katakata ń wọlé, ṣùgbọ́n páàtì kò bá a wọlé tó. Ẹṣin ni a rà, a kò ra koríko. Ohun tí Bàbá rí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, kí ọdún náà sì tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Páàtì di ọ̀wọ́n, ayédèrú gba ìgboro. Bàbá kò ta ayédèrú ní orúkọ ojúlówó rí. Wọn a gbé méjèèjì kalẹ̀, wọn a sọ èwo ni èwo, kí oníbàárà tó mú owó jáde.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè náà, katakata ẹgbẹ́ kan kú sínú oko ní oṣù Kẹrin, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Bàbá wá fúnra wọn, wọ́n tú fílítà dísẹ́ẹ̀lì: omi àti ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fa atẹ́gùn kúrò lójú ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì, katakata sì jí. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa sẹ́ dísẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó rọ ọ́. Lóòótọ́, èmi ni mo ń ta fílítà, ṣùgbọ́n bí oko wọn bá run, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi?”

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ tiwa, kì í ṣe ti Bàbá. Orí wọn ni a kó nọ́ńbà gbogbo páàtì wa sí, a kò kọ ọ́ síwèé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ kan rin ìrìn àjò dé Ìbàdàn, páàtì tí kò wọlé ni wọ́n rà bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni katakata fi jókòó, tí àgbàdo kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan. Ẹ kọ irú katakata yín sí i, àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà páàtì tí ẹ bá rà, àti ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Bí ẹ bá ń lọ ra páàtì, ẹ mú ògbólógbòó dání. Akọ̀wé ni kó máa tọ́jú ìwé náà, kó sì fi lé ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún Bàbá Onípáàtì. Ire oko yóò jẹ́ tiwa o.