Ọjà orí ayélujára: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Òde Mahin ń wò kó tó sanwó?

Mo ra bàtà ₦9,000 lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Kó tó dé ọwọ́ mi ní Òde Mahin, ₦6,500 ti bá ọkọ̀ àti ọ̀kadà lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìlú yìí kì í fi kọ́kọ́ béèrè iye tí ọjà jẹ́. "Ibo lẹ máa gbé e dé?" ni wọ́n ń béèrè.

Lọ́dún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n rí i pé ará Nàìjíríà kì í fẹ́ sanwó ohun tí ojú ẹ̀ ò tíì rí, ni wọ́n bá gbà kí oníbàárà sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ ẹ̀. Ọ̀nà yẹn ṣì wu akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é. Jiji ní tiẹ̀, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló máa ń fojú rinjú, torí náà ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó rí ọjà.

Ti WhatsApp àti Instagram ló wọ́pọ̀ jù níbí. Olùtajà á gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì, ìyẹn la ń pè ní wébíìlì. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀ kó tó gbéra. Ẹni tó bá ń kàwé ní OAUSTECH l'Ókìtìpupa, ó dáa kó ní kí wọ́n gbé e wá síbẹ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e wálé lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tílé wọn wà lápá Ayétòrò ńkọ́? Ẹrù dé Igbókòdá, owó ọkọ̀ ojú omi ṣì ń bẹ níwájú.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń ṣe tiẹ̀. Tí báǹkì bá ti yọ owó, tí ojú ìwé ò sì ṣí, ẹ má tíì san án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọjà yín ti wọlé.

Bàtà mi yẹn ńkọ́? Nọ́ńbà 43 ni mo ní kí wọ́n gbé wá, 41 ló dé. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà, àjọ FCCPC lẹ sì lè fẹjọ́ sùn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá olùtajà sọ. Àmọ́ ta ló máa san owó ọkọ̀ àpadà? Mi ò béèrè kí n tó sanwó. Olùtajà mi ní èmi ni. Ṣé kí n tún wá ₦6,500 mìíràn ni? Àbúrò mi ló ń wọ̀ ọ́ báyìí.