Ilé Ilọ́jọ̀

Ilé Ilọ́jọ̀, tí a tún mọ̀ sí Casa do Fernandez, Ilọ́jọ̀ Bar tàbí Ilé Ọláìyá, jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí ó wà ní ẹ̀bá Gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1855, wọ́n sì wó o ní ọdún 2016. Láàárín àkókò yìí, ó ti jẹ́ ilé ọtí àti ilé oúnjẹ, ilé ẹbí ará Èkìtì kan, ilé ìtajà àti ohun ìrántí tí òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò.

Kíkọ́ ilé náà

Ẹbí Fernandez ni ó kọ́ ilé náà fún títa ọtí àti oúnjẹ. Ọnà ìkọ́lé àwọn Àgùdà ni wọ́n tẹ̀lé. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, àti ọnà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbẹ́ sára ògiri, ni a fi ń dá iṣẹ́ wọn mọ̀. Àwọn ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tí ó kọjú sí òpópónà mú kí ilé náà rọrùn fún òwò.

Lábẹ́ ẹbí Ọláìyá

Ní ọdún 1933, Alfred Ọláìyá ra ilé náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni, ìlú kan ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì òde òní. Òun ni bàbá Victor Ọláìyá (1930–2020), gbajúmọ̀ olórin highlife. Ìgbà yìí ni ilé náà di èyí tí a ń pè ní Ilọ́jọ̀. Ẹbí ń lò ó, ọjà títà kò sì kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìdáàbòbò òfin

Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìkéde yìí kò gba ilé lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ. Láti ọdún 1979 ni iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí.

Wíwó rẹ̀

Ilé náà gbó, ògiri rẹ̀ sì ń jẹ. Àwọn ẹbí sọ pé ó lè wó pa ènìyàn. Àjọ náà ní kò sí ẹni tí ó gba àṣẹ láti wó o. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katapílà wó o palẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀

Mọ́sálásí Ṣítà-Bey, iṣẹ́ Àgùdà mìíràn tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894, ṣì dúró, nítorí àwọn olùjọsìn ń lò ó lójoojúmọ́, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ti Ilọ́jọ̀ yàtọ̀: òfin dá ẹbí dúró láti kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ olówó iyebíye, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù àtúnṣe kò kúrò lórí wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń tọ́ka sí i nígbà gbogbo tí a bá ń jíròrò lórí ẹni tí ó yẹ kí ó san owó ìtọ́jú ilé àtijọ́ ní Nàìjíríà.